Bí A Ti Ń Tọ́jú Àgbébọ̀ Tí Ó Ń Sàba

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ní Aboabo ní ìlú Kùmásì ni ìyá mi ti ń sin adìẹ. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹfà, mo gbé àgbébọ̀ kan tí ó ń sàba lọ sí ibòmíràn ní ọ̀sán gangan. Ó kọ ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni owó ìwé mi wà nínú wọn!

Alẹ́ ni kí a máa gbé adìẹ tí ó ń sàba. Kí a kọ́ wọ́n eérú sínú ìtẹ́ nítorí iná. Kí omi àti àgbàdo wà nítòsí, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ó sábà máa ń dìde. Ní ọjọ́ keje, kí a fi àbẹ́là wo ẹyin nínú òkùnkùn. Èyí tí a kò bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ kò ní pa.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 21, òròmọdìẹ yóò jáde. Kí a má ṣe bá a fọ́ èèpo. Bí kò bá jẹun ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kí a má bẹ̀rù: pupa ẹyin ṣì ń bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kí a fi àgò dé ìyá àti ọmọ nítorí àṣá.

Ní ọdún kejì, alẹ́ ni mo gbé àgbébọ̀ náà. Nínú ẹyin 11, mẹ́sàn-án ni ó pa.