Bí A Ṣe Ń Múra Òpin Ọ̀sẹ̀ Ìyìnbọn Ọ̀nà Jíjìn ní Bisley

Abúlé kan wà ní Surrey, nítòsí ìlú Woking, tí wọ́n ń pè ní Bisley. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́ níbẹ̀ tí ojú ọjọ́ sì dára, ìbọn á máa dún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ogun, wọn kì í sì í pa ẹran. Àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ńlá ni gbogbo wọn ń yìn, òkèèrè réré ni wọ́n sì ti ń yìn ín: 300 yáàdì, 600, 1,000, nígbà mìíràn 1,200. Ẹgbẹ̀rún yáàdì jẹ́ mítà 914. Ẹni tó bá fi ojú lásán wo àmì láti ibẹ̀, tóńtó dúdú kan báyìí ló máa rí. Bẹ́ẹ̀ dúdú náà fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, àárín rẹ̀ tó ń gba máàkì márùn-ún sì fẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Ẹgbẹ́ National Rifle Association ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń mójú tó pápá ìyìnbọn Bisley. Òun kọ́ ni èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń jáde nínú òṣèlú Amẹ́ríkà. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ àgbà, 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ti Amẹ́ríkà sì dé ní 1871. Wimbledon ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìdíje wọn ní 1860, Ọbabìnrin Victoria ló sì yin ọta àkọ́kọ́. Wọ́n ti de ìbọn Whitworth kan mọ́ orí irin ṣáájú kó tó dé, wọ́n ti wọ̀n ọ́n sójú àmì tó wà ní 400 yáàdì, wọ́n wá so okùn mọ́ ọn. Okùn yẹn nìkan ni Kábíyèsí fà, ọta sì lọ bà sí àárín. Àwọn kan ń fi ìtàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀kọ́ ìyìnbọn ọ̀nà jíjìn tó jù ú lọ: àwọn tó múra ìbọn yẹn sílẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà tán kí ọba tó kúrò láàfin.

Nígbà tí ilé pọ̀ yí Wimbledon ká, wọ́n kó lọ sí Bisley ní 1890. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yin ìbọn Òlíńpíìkì 1908, ibẹ̀ náà ni ti ìdíje Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì 2002. Ní oṣù Keje ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Imperial Meeting, ẹ̀bùn ọba sì ni olórí gbogbo ẹ̀bùn rẹ̀. Marjorie Foster gbà á ní 1930, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á. Òpin ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú oṣù Keje ni àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké máa ń háyà àmì láti fi ṣe ìdánrawò, òun ni àpilẹ̀kọ yìí wà fún.

Ìwé ṣáájú ìbọn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọlọ́pàá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìbọn. Wọ́n á wá wo ilé, wọ́n á yẹ kọ́bọ́ọ̀dù irin tí ẹ fẹ́ máa ti ìbọn mọ́ wò, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ ìlera yín lọ́wọ́ dókítà. Ìbọn kọ̀ọ̀kan àti iye ọta tí ẹ lè ní lẹ́ẹ̀kan náà á wà lákọsílẹ̀ nínú ìwé yẹn. Òfin wọn le, ìdí sì wà tó fi le: lẹ́yìn ìpànìyàn Hungerford ní 1987, wọ́n fòfin gba ráífù ńlá tó ń ki ọta fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ti Dunblane ní 1996, ìbọn ìléwọ́ ló kàn. Ẹni tí kò tíì ní ìwé lè wọ ẹgbẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Yóò fi ó kéré tán oṣù mẹ́ta kọ́ṣẹ́, ìbọn ẹgbẹ́ ni yóò sì máa lò. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń rò pé eré àwọn olówó aláwọ̀ funfun ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lè san owó ẹgbẹ́, tí kò lórúkọ burúkú lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tó sì lè mú sùúrù, wọ́n á gbà á.

Nílé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ráífù ológun 7.62 mm àti .303 mọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ọta .308 Winchester tí wọ́n ń lò jù ní Bisley, ọmọ ìyá ni òun àti 7.62 mm ti NATO. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ka ìwé yìí tán kó ní òun fẹ́ ra ọ̀kan gbé sí Ìbàdàn.

Àwọn ọdẹ wa mọ ìbọn dáadáa, ṣùgbọ́n ṣakabùlà kò rin irú ìrìn yìí. Ihò inú ṣakabùlà ń dán gbọọrọ ni. Ọta rẹ̀ á jáde tán, á máa fì, ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi ń súnmọ́ ẹran. Ti ráífù ní ìlà tó lọ́ yípo nínú, ìlà yìí á mú kí ọta máa yí bó ṣe ń lọ, bí òkòtó tó dúró ṣánṣán nítorí pé ó ń yí. Ọta .308 tó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù mẹ́wàá á fi bíi ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ dé 1,000 yáàdì. Láàárín ìgbà kékeré yẹn, ilẹ̀ ti fà á wálẹ̀ tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 25. Èyí kò ṣòro, torí pé bákan náà ni ilẹ̀ ń fà á lójoojúmọ́. Ẹ ṣáà gbé ojú ìwò ìbọn sókè dé ibi tí ẹ ti kọ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni kì í rí bákan náà.

Láti Ọjọ́bọ̀ dé Ẹtì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ gbé ìbọn síta, ẹ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ sì tún un wò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi aṣọ funfun pélébé nu inú ọ̀pá rẹ̀ títí tí kò fi ní gbé dúdú jáde mọ́, lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ gbígbẹ fa gbogbo òróró kúrò. Òróró tó bá ṣẹ́kù lè gbé ọta àkọ́kọ́ lọ síbi tí ẹ kò fẹ́, ó sì ń mú kí ìtì ìbọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀tá kan náà ni omi òjò. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọta rẹ̀ tutù, tó sì kì í bẹ́ẹ̀, ń fìyà jẹ ìbọn àti ara rẹ̀. Ẹ yẹ gbogbo ìdè wò, ní pàtàkì èyí tó so irin mọ́ igi àti èyí tó di ojú ìwò mú.

Ọta òpin ọ̀sẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wá láti inú ìpèsè kan ṣoṣo. Ẹ̀tù inú ọta tí wọ́n ṣe lónìí àti èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè yàtọ̀ díẹ̀, díẹ̀ yẹn á sì di ńlá tó bá fi máa dé 1,000 yáàdì. Ẹ kà wọ́n: ti ìdíwọ̀n méjì tí ẹ ó kọ́kọ́ yìn, ti máàkì mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn náà, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní yàrá tí ọta kankan kò sí, kí ẹ dojú bolẹ̀ bí ẹ ó ṣe ṣe ní pápá. Àwọn tó ń lo ojú ìwò onírin máa ń wọ ẹ̀wù líle kan, wọ́n á sì fi okùn ìbọn di apá wọn mú kí ìbọn má bàa mì. Ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ tẹ̀ sẹ́yìn títí ìbọn á fi dojú kọ ibi tí ẹ fẹ́ láìjẹ́ pé ẹ̀ ń fi agbára mú un. Wákàtí kan irú èyí sàn ju àpótí ọta tuntun lọ. Àwọn tí ojú wọn ti ń di àtijọ́ tàbí tí apá ń dùn lè yan F-Class, èyí tí wọ́n ti gba awò ńlá àti ẹsẹ̀ irin sábẹ́ ìbọn láàyè. Ará Kánádà kan, George Farquharson, ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Nípa ẹrù, mi ò ní ka gbogbo rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé jù ni ìbòtí, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní jẹ́ kí ẹ sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn láìsí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀wù òjò, nítorí ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rẹ́. Ẹ gbé oúnjẹ tí kò ní mú oorun wá: ẹni tó bá jẹ iyán ọ̀sán tán kó tó dùbúlẹ̀ nídìí ìbọn, ikùn rẹ̀ á máa gbé e sókè sódò.

Ìwé kékeré tó ju ìbọn lọ

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpò, ìwé àkọsílẹ̀ ni mo kà sí olórí. Ojú ìwò ráífù ń yí díẹ̀díẹ̀, mínìtì ni wọ́n fi ń kà á, kò sì kan aago: mínìtì kan jẹ́ nǹkan bí íńṣì kan ní 100 yáàdì, íńṣì mẹ́wàá ní 1,000. Ẹ kọ iye mínìtì tí ẹ gbé sókè fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ irú ọta, ẹ kọ bí oòrùn ṣe wà. Ìyẹn rọrùn. Apá afẹ́fẹ́ ló ń gba ìgboyà, nítorí ẹ gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ẹ rò pé afẹ́fẹ́ ń ṣe kí ẹ tó yìn, kí ẹ wá kọ ohun tó ṣe ní tòótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó ń rin máìlì mẹ́wàá ní wákàtí, tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, á ti ọta .308 tó ẹsẹ̀ bàtà méje sí mẹ́jọ ní 1,000 yáàdì. Ẹni tó bá ṣi afẹ́fẹ́ kà ní máìlì méjì péré ti pàdánù márùn-ún náà. Àwọn àsíá ńlá wà káàkiri pápá láti fi kà á. Bí oòrùn bá mú, awò tún máa ń fi ooru tó ń jó lókè ilẹ̀ hàn, ibi tí ooru yẹn bá ń wọ́ sí ni afẹ́fẹ́ ń lọ. Àsíá tó wà nítòsí yín ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ: afẹ́fẹ́ tó bá yà ọta lọ́nà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀, gbogbo ọ̀nà tó kù ni ìyà náà á fi máa pọ̀ sí i.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ̀yin méjì lẹ jọ ń lo àmì kan, ẹnìkan yìn, ẹnìkejì tẹ̀ lé e, olúkúlùkù sì ń kọ máàkì ẹnìkejì. Ìṣẹ́jú àáyá 45 lẹ ní fún ọta kan. Ẹ wo àsíá, ẹ ní mínìtì mẹ́rin sí ọ̀tún, ẹ kọ ọ́, ẹ yìn. Àmì wọlẹ̀ sínú kòtò níbi tí àwọn tó ń sàmì wà, ó sì tún gòkè padà pẹ̀lú ohun róbótó kan lójú ihò ọta: mẹ́rin, íńṣì 15 sí apá òsì. Gíga rẹ̀ dára. Nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ń ti ọ̀tún bọ̀ jẹ́ ti mínìtì márùn-ún àbọ̀. Ẹ má kàn fi mínìtì kan àbọ̀ kún un lásán: ẹ kọ́kọ́ wo àsíá bóyá ó ṣì rí bó ṣe rí nígbà tí ẹ yìn. Bó bá ti wálẹ̀, tí ẹ sì fi mínìtì kan àbọ̀ kún un, apá ọ̀tún lẹ máa bá ọta yín. Àwọn tuntun ń tọ ihò ọta lẹ́yìn káàkiri báyìí, ìrọ̀lẹ́ á dé, wọn kò ní mọ ohun tó ṣe wọ́n.

Kí ẹ tó fa ìbọn, ẹ ka nọ́ńbà àmì. Ní Creedmoor, ní New York, ní oṣù Kẹsàn-án 1874, Amẹ́ríkà àti Ireland pàdé ní 800, 900 àti 1,000 yáàdì. J. K. Millner ti Ireland yin ọta kan tó bà ní àárín gan-an, àmì ẹlòmíràn ni. Òdo ni wọ́n kọ fún un, bẹ́ẹ̀ àárín ń gba mẹ́rin nígbà náà. Amẹ́ríkà fi 934 sí 931 borí. John Bodine ló yin ọta tó kẹ́yìn, pẹ̀lú ọwọ́ tí ìgò ohun mímu alátalẹ̀ tó fọ́ ti gé, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán. Gbogbo ayé rántí ẹ̀jẹ̀ Bodine, èmi ń rántí Millner. Ó padà síbi iṣẹ́, ó ń yìnbọn lọ, ní Òlíńpíìkì 1908 ní Bisley yìí kan náà ló gba wúrà ti 1,000 yáàdì pẹ̀lú 98 nínú 100. Ẹni ọdún 61 ni nígbà yẹn.

Sátidé jẹ́ ti kíkọ́, Sọ́ńdè jẹ́ ti lílo ohun tí ẹ kọ́. Lálẹ́ Sátidé, ẹ nu ìbọn, ẹ ka ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sùn. Bí ó bá kàn yín láti sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò lọ máa fa àmì, ẹ má ráhùn. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, apá sì ń ro ẹni tí kò bá wọ ìbọ̀wọ́.

Kí ẹ tó kúrò ní pápá, ẹ tú gbogbo àpò ẹ̀wù àti báàgì yín, ẹ gbọn ẹní, kí ẹ sì ka ọta tó ṣẹ́kù sínú àpótí rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé láti Heathrow lọ́sẹ̀ yẹn, kó gbé báàgì mìíràn. Ọta kan ṣoṣo tó bọ́ sí abẹ́ aṣọ ti tó ohun tí ọlọ́pàá pápákọ̀ òfurufú fi máa dá èèyàn dúró, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Ìkẹjà.