Owó Ìjọba àti Ìwádìí nípa Ṣíìpù: Ohun Tí Táíwàn Fi Hàn Wá



Ìfáàrà

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba máa ná owó orí tí ará ìlú san sórí ìwádìí tí èrè rẹ̀ lè má yọjú títí ọdún mẹ́wàá? Ìwádìí nípa ṣíìpù ni mo ní lọ́kàn, ìyẹn ègé sílíkọ́nì pẹlẹbẹ, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ ju èékánná lọ, tí wọ́n ṣe àìmọye ọ̀nà tín-ín-tín sí lára kí iná mànàmáná lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Òun ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ nínú kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n, tẹlifóònù àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Àwọn kan sọ pé iṣẹ́ oníṣòwò ni èyí, kí oníṣòwò fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Àwọn mìíràn sọ pé bí ìjọba kò bá dá sí i, kò lè ṣeé ṣe. Lójú tèmi, àríyànjiyàn yìí kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tí ìjọba fi owó náà rà, àti ọwọ́ ẹni tí ó fi í lé, ṣe pàtàkì ju iye owó náà lọ.

Ìdí tí oníṣòwò nìkan kò fi tó

Ìdí méjì ni mo rí. Èkíní, ìnáwó ṣíìpù pọ̀ kí a tó ta ẹyọ kan. Èkejì, ìmọ̀ kì í ṣe ẹrù tí a lè tì mọ́ inú àká. Ẹni kan lè san owó ìwádìí kí aládùúgbò rẹ̀ sì jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo Amẹ́ríkà. Ní 1958, Jack Kilby ti ilé-iṣẹ́ Texas Instruments fi hàn pé ṣíìpù ṣeé ṣe. Ní 1959, Robert Noyce ti ilé-iṣẹ́ Fairchild wá ọ̀nà tí a fi lè máa ṣe é lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á? Ní 1962, àròpín iye owó ẹyọ kan tó nǹkan bí 50 dọ́là. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó rà á, fún ohun ìjà Minuteman II àti fún kọ̀ǹpútà tí ó darí ọkọ̀ Apollo lọ sí òṣùpá. Bí wọ́n ti ń rà á ni ọwọ́ àwọn tí ń ṣe é ń yá sí i. Nígbà tí yóò fi di 1968, àròpín iye owó rẹ̀ kò tó 3 dọ́là mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: oníṣòwò ni ó dá ọgbọ́n rẹ̀, ìjọba ni ó kọ́kọ́ rà á.

Àpẹẹrẹ Táíwàn

Ẹnìkan lè wí pé Amẹ́ríkà ti lówó tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á wo erékùṣù kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìmọ̀ yìí. Ní nǹkan bí 1970, iṣẹ́ pàtàkì tí Táíwàn ń ṣe nínú ẹ̀ka yìí ni kí wọ́n máa to rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pọ̀ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè, nítorí pé owó ọ̀yà wọn kéré.

Ní 1973, ìjọba dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀, tí a ń pè ní ITRI, ní ìlú Hsinchu. Ní oṣù Kejì 1974, Sun Yun-suan, mínísítà ètò ọrọ̀ ajé, àti àwọn ìjòyè mìíràn pàdé Pan Wen-yuan, ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ RCA ti Amẹ́ríkà, nínú ilé oúnjẹ àárọ̀ kan ní Taipei. Pan ṣírò rẹ̀ fún wọn pé yóò gba ọdún mẹ́rin àti mílíọ̀nù 10 dọ́là. Ìjọba fara mọ́ ọn.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi owó náà rà. Àkọ́kọ́ ni ìmọ̀: ní 1976, wọ́n bá RCA ṣe àdéhùn pé kí ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà. Ìmọ̀ tí wọ́n rà kì í ṣe èyí tí ó dé kẹ́yìn láyé, ṣùgbọ́n ó jẹ́ èyí tí apá wọn ká. Èkejì ni ènìyàn: wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ RCA láti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ bí a ti ń ya àwòrán ṣíìpù, bí a ti ń ṣe é àti bí a ti ń dán an wò. Ẹ̀kẹta ni ibi iṣẹ́: ní 1977, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Hsinchu, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ṣíìpù aago ọwọ́. Kò pẹ́ tí iye èyí tí ó yege nínú ṣíìpù tí wọ́n ń ṣe fi ju ti RCA ọ̀gá wọn lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ìjọba kò há a mọ́ inú ilé ìwádìí. Ní 1980, ilé-iṣẹ́ UMC jáde láti inú ITRI. Ní 1985, wọ́n pe Morris Chang, ẹni tí ó ti lo ọdún 25 ní Texas Instruments, láti wá darí ITRI. Ní 1987, ó dá TSMC sílẹ̀. Ìpín ìjọba níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ilé-iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Netherlands mú èyí tí ó ju ìdámẹ́rin lọ. TSMC kì í ta ṣíìpù tirẹ̀; èyí tí ẹlòmíràn bá ya àwòrán rẹ̀ ni ó ń bá a ṣe. Lónìí, òun ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ṣíìpù tí ó jinlẹ̀ jù lọ láyé. Ọdún 13 ni ó wà láàárín ilé oúnjẹ àárọ̀ yẹn àti ìdásílẹ̀ TSMC. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wojú àáké.

Owó nìkan kò tó

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ibi tí owó ìjọba bá ti wà ni àṣeyọrí wà. Ní 1962, ìjọba Soviet ya ìlú Zelenograd, lẹ́bàá Moscow, sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Owó kò wọ́n wọn, ọ̀mọ̀wé kò sì wọ́n wọn. Ṣùgbọ́n àṣírí ológun bo iṣẹ́ náà, ọjà tí ará ìlú ti lè rà tàbí kọ̀ ọ́ kò sí, wọ́n sì fi púpọ̀ nínú agbára wọn ṣe àdàkọ ṣíìpù Amẹ́ríkà. Ẹni tí ń dà kọ kò lè ṣíwájú ẹni tí ó ń dà kọ.

Jàpáànù gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1976 sí 1980, ìjọba wọn kó ilé-iṣẹ́ márùn-ún tí ń bá ara wọn díje jọ sínú ìwádìí kan: Fujitsu, Hitachi, Mitsubishi, NEC àti Toshiba. Ìjọba mú owó wá, àwọn náà mú owó wá. Wọ́n jọ wádìí, lẹ́yìn náà ni oníkálukú padà lọ bá ọjà rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní 1987, Amẹ́ríkà náà ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Sematech, tí ó ní ilé-iṣẹ́ 14; kí ó tó parí àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ náà ti fi owó ìjọba sílẹ̀ láti máa bọ́ ara rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ní 2022, Amẹ́ríkà tún ṣe òfin tí ó ya nǹkan bí bílíọ̀nù 52 dọ́là sọ́tọ̀ fún ṣíìpù: bílíọ̀nù 39 fún kíkọ́ ilé-iṣẹ́, nǹkan bí bílíọ̀nù 11 fún ìwádìí. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n Zelenograd ti kọ́ wa pé kí á má tíì pàtẹ́wọ́.

Ará ìlú ni ó ni owó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti béèrè. Bí ìjọba èyíkéyìí, tiwa pẹ̀lú, bá kéde pé òun ti ya owó sọ́tọ̀ fún ìwádìí, ìbéèrè mẹ́ta ni mo rọ̀ yín láti bi í. Ta ni yóò mọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí owó yìí? Ta ni yóò ra ohun tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde? Ọjọ́ wo ni ìjọba yóò yọwọ́, kí ọmọ tí ó ti ń tọ̀ lè máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn? Táíwàn rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó sọ mílíọ̀nù 10 dọ́là di ọrọ̀ nìyẹn.