Ojúmìító, Àwọn Gbajúmọ̀, àti Iṣẹ́ Olùṣọ́-Àgùntàn

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a wàásù lórí ìwà mímọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Láàárín ìwàásù náà, a dárúkọ òṣèré fíìmù kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìgboro kan lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n ní ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló ń fẹ́. A kò mọ̀ ọ́n rí, a kò bá a sọ̀rọ̀ rí, orí fóònù ni a ti ka ohun tí a kà. Ìjọ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnì kan tilẹ̀ kígbe pé kí pásítọ̀ máa bá a lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tó ti bẹ̀ wá pé òun fẹ́ rí wa fún ìmọ̀ràn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Kò wá. Kò sì wá mọ́ títí ó fi kó kúrò ní àdúgbò náà. A kò mọ ohun tó fẹ́ sọ, a kò sì ní jókòó máa rò ó kiri, nítorí irú ìròkiri bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó jókòó ní ìlà kejì nígbà tí ìjọ ń rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà ni a ṣe kọ àpilẹ̀kọ yìí sí ẹ̀yin tí a óò gbé ọwọ́ lé lórí láìpẹ́, àti sí ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú wa.

Kì í ṣe gbogbo ìwádìí ni ẹ̀ṣẹ̀. Nílẹ̀ wa, kí a tó fi ọmọ fọ́kọ, alárinà ní láti wádìí ìdílé méjèèjì: ṣé kò sí àrùn, ṣé kò sí gbèsè, irú ìwà wo ni wọ́n ń hù? Kò sí ẹni tó ń pe alárinà ní olófòófó, nítorí májẹ̀mú ń bọ̀ láàárín àwọn tó ń wádìí fún, ohun tó bá sì rí, ọ̀dọ̀ àwọn tó rán an níṣẹ́ ni yóò gbé e lọ. Ojúmìító yàtọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ láìní májẹ̀mú kankan, ọjà ló sì ń gbé e lọ. Thomas Aquinas ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú Summa Theologiae: ó pe ìtara ẹ̀kọ́ ní ìwà rere, ó sì pe ojúmìító ní àṣejù, pàápàá nígbà tí ènìyàn bá ń tú ọ̀ràn ẹnìkejì wò kó lè bà á jẹ́. Augustine ti ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé kẹwàá Confessions, ó so ojúmìító mọ́ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ojú tí 1 Jòhánù 2:16 mẹ́nu bà. Àkíyèsí rẹ̀ ni pé ènìyàn a máa sáré lọ wo òkú tó fà ya, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù ni yóò bà á.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn gbajúmọ̀? Ní 1956, Donald Horton àti Richard Wohl ṣe àlàyé kan tó wúlò fún wa. Wọ́n ní ẹni tí à ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́ a máa dà bí ojúlùmọ̀, bẹ́ẹ̀ òun kò mọ̀ wá. Ní ti àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹbí ni ọ̀rọ̀ gbogbo ẹbí. Bí òṣèré bá ti di ẹbí nínú pálọ̀ wa, a ó gbà pé a ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè ẹni tó ń bá a sùn.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí èyí ti fojú hàn gbangba. Ní 1952, Robert Harrison dá ìwé ìròyìn Confidential sílẹ̀ ní New York. Ohun tí àwọn òṣèré Hollywood ń ṣe ní kọ̀rọ̀ ni ọjà rẹ̀. Ó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àdáni, àti fún olólùfẹ́ àná tí inú ń bí. Láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ̀dà tó ń tà nínú ìtẹ̀jáde kan ti ju mílíọ̀nù 4 lọ. A kò rò pé àwọn tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń rà á.

Rock Hudson wà lára àwọn tí ẹ̀rù ìwé yìí ń bà. Ọkùnrin arẹwà ni, ọ̀pọ̀ obìnrin ló fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ló ń fẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ní October 1955, ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán rẹ̀ sí iwájú, ó sì ń béèrè ìdí tí kò fi tíì gbéyàwó. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó gbé Phyllis Gates, akọ̀wé aṣojú rẹ̀, níyàwó. Ìgbéyàwó náà tú ká ní 1958. Ọ̀rọ̀ Hudson ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ni a fẹ́ kí ẹ rántí. Nínú ìwé tó kọ ní 1987, ó ní ìfẹ́ ni òun fi fẹ́ ọkọ òun. Ariwo ìlú ló sún ọkọ náà dé ibi pẹpẹ, òun ni ó sì jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mélòó nínú ìgbéyàwó tí a ti so pọ̀ ni kò ju aṣọ tí a fi bo ẹnu ìlú lọ? Ọ̀rọ̀ kan a jáde nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ, àwọn àgbà a ní kí ó tètè fẹ́ ìyàwó, pásítọ̀ a mú ọjọ́. Kò sí ẹni tó bi ọmọbìnrin náà ní ohun tó mọ̀.

Ní July 1985, a kéde ní Paris pé Hudson ní àrùn AIDS, ó sì kú ní October 2 ọdún náà, ní ọmọ ọdún 59. Àwọn ìwé ìròyìn ń béèrè ta ló kó o ràn án, wọ́n sì ń béèrè bóyá ó ti kó o ran òṣèré obìnrin tó fẹnu kò lẹ́nu nínú eré tẹlifíṣọ̀n. Láàárín ariwo yẹn, ó fi 250,000 dọ́là sílẹ̀ fún ìwádìí àrùn náà.

Àwọn baba wa ní òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló ń mọ. Wọn kò mọ Harrison. Lóde òní òfófó ti ń gba ju ẹgbàá lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wo ojú ewé rẹ̀ ń jẹun lórí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ó tún lè sọ ẹlòmíràn sẹ́wọ̀n. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan bu ọwọ́ lù ní January 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin àti ọkùnrin, tàbí obìnrin àti obìnrin, tó bá ṣe ìgbéyàwó. Ẹ̀yin mọ ẹ̀kọ́ ìjọ wa lórí ìbálòpọ̀. A kò yí i padà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ ka Diutarónómì 19:16-19 pẹ̀lú òfin yẹn lọ́wọ́: ìyà tí ẹlẹ́rìí èké fẹ́ kó bá arákùnrin rẹ̀, òun gan-an ni kí ó jẹ ẹ́. Bí Mósè bá jẹ́ adájọ́, ìwàásù tí a ṣe lọ́jọ́ yẹn ì bá kó wa sí wàhálà.

Jòhánù 21:20-23 ni ibi tí a gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti yé wa jù. Jésù ti sọ fún Pétérù irú ikú tí yóò kú. Pétérù yíjú padà, ó rí ọmọ-ẹ̀yìn tí Jésù fẹ́ràn, ó sì béèrè ti ẹni yẹn. Jésù kò dá a lóhùn. Ó ní kí ló kàn án níbẹ̀, kí ó máa tọ òun lẹ́yìn. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí: àwọn ará gbé e kiri pé ọmọ-ẹ̀yìn náà kò ní kú. Inú ìjọ ni àhesọ náà ti jáde, láti ẹnu àwọn ará, lórí ọ̀rọ̀ tí Olúwa sọ ní tòótọ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n fi tiwọn kún. Jòhánù ṣe àtúnṣe ọ̀rọ̀ náà, kò sì sọ bí ìgbẹ̀yìn ọmọ-ẹ̀yìn náà yóò ti rí.

Nínú lẹ́tà tó ń jẹ́ orúkọ Pétérù kan náà, 1 Pétérù 4:15, ẹni tó ń tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn wà nínú ìlà kan pẹ̀lú apànìyàn àti olè. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò, allotriepiskopos, kò sí níbòmíràn nínú Májẹ̀mú Tuntun. Allotrios ni ti ẹlòmíràn. Episkopos ni alábòójútó, ọ̀rọ̀ tí a mú bíṣọ́ọ̀bù jáde nínú rẹ̀. Ẹni náà sọ ara rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù lórí ilé tí a kò fi í jẹ.

Àwọn kan yóò ní ìyẹn ni pé ká máa bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Rárá o. Aṣọ tí Ṣẹ́mù àti Jáfẹ́tì fi rìn sẹ́yìn nínú Jẹ́nẹ́sísì 9, bàbá tó mutí yó ni wọ́n fi bò. Nóà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Bí gbajúmọ̀ tàbí pásítọ̀ bá fipá bá ènìyàn lò pọ̀, tàbí tó fọwọ́ kan ọmọdé, ẹni tí a ṣẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ sì ti parí. Ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ má dúró de ìpàdé àwọn àgbà. Ti ẹ̀sùn lórí alàgbà ìjọ, 1 Tímótíù 5:19 ti ní kí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, tí a kò lè fò. Ní alẹ́ December 31, a máa ń gbọ́ nínú àsọtẹ́lẹ̀ ọdún tuntun pé ìgbéyàwó olórin báyìí yóò tú ká, tàbí pé àṣírí òṣèré báyìí yóò tú. Bí Ọlọ́run bá fi hàn ní tòótọ́, ta ni a rán sí olórin náà? Nátánì wọ ààfin lọ bá Dáfídì.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi wá ní kíláàsì pé bí ọmọ ìjọ bá béèrè lọ́wọ́ òun pé ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ nípa olórin kan, kí ni kí òun wí. A ní kó sọ pé òun kò mọ̀, nítorí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó fi sùúrù béèrè ìdí tí ẹni náà fi fẹ́ mọ̀, kí ó má sì rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni ẹni náà gbé wá, orúkọ olórin ló fi bò ó, ó fẹ́ kọ́kọ́ rí bí ojú pásítọ̀ yóò ṣe rí.