Iná Iwájú Kẹ̀kẹ́: Bí A Ti í Yan Èyí Tí Ó Mọ́lẹ̀ Tó

Ní oṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tàbí aṣọ rírán ni a fẹ́ jọ sọ. Ọ̀rọ̀ iná kékeré kan ni, èyí tí a ń so mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere. Bí ó tilẹ̀ kéré, ẹ̀mí ẹni tí ó jáde nílé yín ní ìdájí lè rọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ ó rántí pé láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ ti di ẹrù wúwo lórí ọ̀pọ̀ ìdílé. Àwọn mìíràn ti padà sí orí kẹ̀kẹ́. Ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni, nítorí kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, inú òkùnkùn ni yóò gbà lọ, bẹ́ẹ̀ òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin wà lára wọn. Ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́, agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ó sì máa ń kúrò nílé. Ìyàwó rẹ̀, tí ó ń tọ́ ọmọ oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ nígbà náà, fi owó àjọ rẹ̀ ra iná iwájú kan fún un. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé lumen 10,000 ni. Nígbà tí wọ́n tàn án nínú yàrá, gbogbo ògiri funfun báláú. Inú tọkọtaya dùn. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, iná náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì kí ó tó rìn dé ìdajì ọ̀nà. Kò rí ibi tí bèbè gọ́tà ti ya. Eegun èjìká rẹ̀ kán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò sì fi lè gbé ọmọ rẹ̀.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ìyàwó rẹ̀ ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. “Àǹtí mi, èmi ni mo ra iná náà,” ni ó ń sọ ṣáá. Mo sọ fún un pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Àwọn ìyá wa kọ́ wa bí a ti í yan iṣu àti ẹran lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa bí a ti í yan iná.

Kí ni iṣẹ́ iná náà?

Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ní kìlómítà 18 láàárín wákàtí kan ń rìn mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ojú tó rí kòtò, kí ọwọ́ sì tó fa bíréèkì, ó lè ti rìn tó mítà 5 sí 8. Kẹ̀kẹ́ yóò sì tún yí tó mítà 4 tàbí 5 kí ó tó dúró. Bí ilẹ̀ bá tutù tàbí tí iyanrìn wà, yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, iná tí kò bá lè fi kòtò hàn láti mítà 15, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́ ni yóò fi í hàn.

Lumen ni òṣùwọ̀n gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde lára iná. Ní ìgboro tí iná òpópónà wà, 100 lè tó, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí awakọ̀ lè rí ẹni tí ń bọ̀. Ní ọ̀nà tí ó ṣókùnkùn birimùbirimù, ẹ wá èyí tí ó tó 300 sí 500.

Ẹ má jẹ́ kí páálí tàn yín

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò lumen 10,000 náà bí a ti ń ṣírò owó ọbẹ̀. Iná LED tí ó dára ń mú lumen 100 sí 150 jáde láti inú watt kan. A jẹ́ pé lumen 10,000 yóò jẹ tó watt 70. Bátìrì kan ṣoṣo, irú èyí tí ó tóbi ju ti rédíò lọ díẹ̀, tí ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ iná kẹ̀kẹ́, lè gbé nǹkan bí watt 10 sí 12 fún wákàtí kan. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni yóò fi tán pátápátá! Ṣùgbọ́n iná lumen 400 tòótọ́, tí ń jẹ watt 4, yóò tàn fún wákàtí méjì ààbọ̀.

Ẹ tún wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ń lọ. Kì í ṣe omi tí a pọn ni ó ń kún ìkòkò, bí kò ṣe èyí tí ó bọ́ sínú rẹ̀. Iná lumen 300 tí ó dojú kọ ilẹ̀ sàn ju iná 600 tí ó ń tàn sí orí igi.

Dínámò àtijọ́ tí ń fi orí gba ara táyà kò nílò bátìrì, ó sì wúlò níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, iná rẹ̀ lè kú. Bí òjò bá sì rọ̀, orí rẹ̀ a máa yọ̀ lára táyà. Ẹni tí ó bá ní in, kí ó fi iná bátìrì kékeré kún un.

Ẹ dán an wò nílé

Bí alẹ́ bá lẹ́, ẹ tẹ́ aṣọ dúdú kan sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ gígùn 20 sí ibi tí ẹ dúró. Ẹ gbé iná náà sókè tó ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ẹ kò bá rí aṣọ náà dáadáa, iná náà kò tó.

Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó máa tàn fún iye àkókò tí ìrìn-àjò lílọ àti bíbọ̀ ń gbà, kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ lé e. Ẹ tún wo aṣọ náà. Bí ó bá ti ṣe bàìbàì, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ẹlòmíràn gbá iná mú, kí ẹ̀yin sì dúró níwájú rẹ̀. Bí ó bá ń ta yín lójú, ẹ tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, nítorí awakọ̀ tí ojú rẹ̀ ṣú lè kọlu ẹni tí ó gbé iná náà.

Bí ẹ bá rí IPX4 lára páálí, ìtúmọ̀ rẹ̀ ni pé omi tí ó bá ta sí i kò ní bà á jẹ́. Ẹ má fi bátìrì sórí bẹ́ẹ̀dì láti gba iná, ẹ má sì lo èyí tí ó bá ti wú. Ẹ má gbàgbé iná pupa ẹ̀yìn, nítorí ẹ̀yìn ni tírélà ti sábà máa ń bọ̀ wá bá ẹni.

Èmi àti ìyàwó àbúrò mi ni a jọ dán iná tuntun wò lẹ́yìnkùlé. Àdìrẹ rẹ̀ ni a tẹ́ sílẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó pọn ọmọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo iná pupa ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wọlé lọ dáná ẹ̀kọ.