Koríko Oníke ní Ojúde Ilé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù, àṣà kan ń ti ìgboro Ìbàdàn wọ abúlé wa. Bí ẹlòmíràn bá kọ́lé tán, yóò da kọnkéré sí gbogbo ojúde, yóò sì tẹ́ koríko oníke lé e. Ní ọdún 1966 ni òkìkí irú koríko yìí kàn, nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí pápá ìṣeré Astrodome ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó wá ṣe ní ojúde àgbẹ̀ kò yé wa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò omi. Bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sí ojúde tí ó gùn ní mítà 20, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, lítà 4,000 ni omi rẹ̀, èyíinì ni àgbá onílítà 200 lọ́nà 20. Ilẹ̀ tí koríko bò a mu púpọ̀ nínú rẹ̀, kànga a sì rí tirẹ̀ gbà. Lórí kọnkéré, àgbàrá ni gbogbo rẹ̀ ń dà, oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ wọ́ lọ. Ẹni tí ó bá rántí ìkún omi ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ní Ìbàdàn, tí ó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, kò ní fojú kékeré wo àgbàrá.

Lọ́sàn-án ọ̀gbẹlẹ̀, ike yìí lè gbóná ju 60°C lọ. Bí ó bá gbó, kì í jẹrà. A máa já wẹ́wẹ́ wọ inú oko àti odò.

Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́: ojúde tí a gbá títí tí ó fi le bí àpáta, irú èyí tí wolé-wolé máa ń yìn láyé àtijọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kọnkéré lọ.

Ní Oṣù Karùn-ún tàbí Oṣù Kẹfà, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ fi ọkọ́ tú ilẹ̀, ẹ po ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ mọ́ ọn, kí ẹ sì gbin koríko ewé gbọọrọ tí ń fà nílẹ̀ lábẹ́ ìbòji, ní ẹsẹ̀ bàtà kan síra wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹran tẹ̀ ẹ́ fún oṣù méjì. Ẹ máa gé e kúrú nítorí ejò. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ gbin koóko ọba ní ìlà tí ó dábùú ọ̀nà àgbàrá. Níbi tí oòrùn ti mú jù, kúkúndùnkún ni ó yẹ: ìtàkùn rẹ̀ a bo ilẹ̀, ewúrẹ́ a jẹ ewé rẹ̀, ẹ̀yin náà a sì wa á jẹ.

Ẹgbẹ́ tí ó ti dáwó láti ra ike fún iwájú gbọ̀ngàn ìpàdé lè fi owó náà ra àgbá ńlá tí yóò máa gba omi òrùlé.