Ìdí tí Ojeikere fi ń Ya Irun láti Ẹ̀yìn

Bí ènìyàn bá jókòó kí a ya àwòrán rẹ̀, ojú ni í kọ sí ẹ̀rọ. Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere yí èyí padà: ẹ̀yìn orí àwọn obìnrin ni ó sábà máa ń yà.

Ọdún 1930 ni a bí i. Ní 1954 ó di olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ àwòrán ní Ilé-Iṣẹ́ Ìròyìn, Ìbàdàn. Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àti irun kíkó, bí ó ti ń rí wọn ní òpópónà, ní ibi iṣẹ́ àti ní ibi ìnáwó.

Fíìmù dúdú-òun-funfun ni ó ń lò. Nígbà tí àwọ̀ kò sí, ìlà, kókó àti òjìji irun nìkan ni ojú ń rí; Onílé Gogoro a sì dàbí ère tí a gbẹ́. Nígbà tí ojú oníirun kò hàn, iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí ni a ń wò.

Irun kì í pẹ́ lórí. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ a ó tú u, iṣẹ́ náà a sì parẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ojeikere kú ní 2014, àwòrán irun tí ó fi sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000.

Ẹni tí ó bá ní àwòrán irun àtijọ́ nílé, kí ó bi àwọn àgbà ní orúkọ irun náà, kí ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwòrán nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.