Kí ni wọ́n ń kọ́ ọmọ yín ní lẹ́sìn họ́lídé?

Bí iléèwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ìbéèrè tó máa ń gbẹnu àwọn òbí ni pé, "Lẹ́sìn wo ni ọmọ yín ń lọ?" Lẹ́sìn ò burú. Ohun tí wọ́n ń fi àwọn ọmọ náà ṣe níbẹ̀ ló ń bí mi nínú, pàápàá lórí kẹ́mísírì.

Kẹ́mísírì ò ṣeé fi ṣeré. Ọmọ tó bá fẹ́ di dókítà, apòògùn tàbí nọ́ọ̀sì ò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìbéèrè 40 ni JAMB máa bi í lórí rẹ̀. WAEC máa bi í ní 50 tó máa yan ìdáhùn sí, ó máa kọ èyí tó nílò àlàyé, ó sì tún máa ṣe practical.

Láìpẹ́ yìí, mo yẹ ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí SS2, àmọ́ lẹ́sìn tí wọ́n ń sanwó fún ti gbé e dé organic chemistry. Ó ti da nóòtì kọ láti alkane dé alkanol. Mo ní, "Mole mélòó ló wà nínú omi tó jẹ́ gíráàmù 36?" Ó rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, wọ́n kàn yára kọjá níbẹ̀ ni."

Ibi tí wọ́n yára kọjá yẹn gan-an ni ìpìlẹ̀. Mole ò yàtọ̀ sí bí oníṣòwò ẹyin ṣe ń ka ẹyin ní kíréètì. Kíréètì kan jẹ́ 30. Mole kan jẹ́ 6.02 × 10²³. Mole omi kan wọn gíráàmù 18. Fi 18 pín 36, ó di 2. Ọmọ tí èyí ò bá yé, titration á di àdììtú fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní bí ọmọ bá ti ka iṣẹ́ sáà tó ń bọ̀ ṣáájú, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Òótọ́ ni, bí èyí tó ti kọjá bá ti yé e. Bí kò bá tíì yé e, ńṣe là ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí iyanrìn.

Kí wá ni kó ṣe? Kó mọ element 20 àkọ́kọ́ àti valency wọn dunjú. Kó máa balance equation márùn-ún lójúmọ́, láì wo ìdáhùn. Kó padà sórí ìṣirò: ratio, indices àti standard form. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sọ pé kẹ́mísírì le, ìṣirò ló ń dá wọn dúró.

Kó sì fọwọ́ ṣe é. Ẹ rẹ zobo sínú omi gbígbóná, ẹ bù ú sínú kọ́ọ̀pù mẹ́ta. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ẹ da omi eérú tí ẹ ti sẹ́ sí èkejì, ẹ fi ìkẹta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ọsàn á pọ́n sí i, ti eérú á ṣú lọ sí àwọ̀ ewé. Acid àti alkali nìyẹn, zobo sì ni indicator. Omi eérú yìí náà làwọn ìyá wa ń fi se ọṣẹ dúdú. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó ta sí i lójú, kí ẹnikẹ́ni má sì mu ún.

Ọ̀pọ̀ iléèwé ló jẹ́ pé ìgbà tí WAEC bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọmọ máa kọ́kọ́ di burette mú. Ẹnu nóòtì kọ́ ni wọ́n ti ń mọ bí wọ́n ṣe ń ka burette.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ń fi owó lẹ́sìn ránṣẹ́ sílé, kẹ́ ẹ tó tẹ "send", ẹ bi tíṣà náà ní nǹkan mẹ́ta: ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì kan? Ta ló ń ṣe ìṣirò, ṣé òun ni àbí ọmọ? Ṣé wọ́n máa fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan? Bí ìdáhùn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi owó yẹn ra ìwé past question fún un, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sùn dáadáa.